Ọkọ̀ Tó Ń Jó, Onílù Rẹ̀ Ń Bẹ Nísàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ó kù díẹ̀ kí ìrìn àjò ọdún bẹ̀rẹ̀. Láti Abidjan níbí dé Èjìgbò, ó lé ní 1,000 kìlómítà. Noé, Elubo, Aflao, Hilakondji, Sèmè: ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ àwọn ibodè wọ̀nyí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Lójú ọ̀nà gígùn báyìí ni ohun kan ti máa ń ṣẹlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọkàn èrò balẹ̀. Eré á dé ìwọ̀n kan, ìtọ́kọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, gbogbo iwájú ọkọ̀ á máa gbọ̀n rìrì. Eré á dín kù, gbígbọ̀n náà á dákẹ́.

Kí ló fà á? Bí ẹ bá bi èrò mẹ́wàá nínú ọkọ̀, ẹ lè gba ìdáhùn mẹ́wàá. Ẹnì kan á ní ọ̀nà ni kò dára. Ẹlòmíràn á ní awakọ̀ ni kò di ìtọ́kọ̀ mú dáadáa. Ẹnì kẹta á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá, ẹ tẹ iná sí i, á lọ fúnra rẹ̀!" Ìdáhùn ẹ̀kẹta yìí ló ń bà wá lẹ́rù jù, nítorí pé nígbà mìíràn ó máa ń dà bíi pé òótọ́ ni.

Irú àríyànjiyàn yìí kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Paris, ní Berlin àti ní Detroit ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí nígbà náà wúlò fún ìdílé tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lónìí.

Orúkọ tó ṣáájú ìwà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dùn mọ́ wa. Nígbà tí ọkọ̀ onímọ́tò dé ilẹ̀ Yorùbá níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn bíi William Akinola Dawodu ń ta kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ní Èkó tí wọ́n sì ń tún wọn ṣe, àwọn ènìyàn wa wò ó, wọ́n sọ ọ́ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tó ń yọ́ rìn, tó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹṣin kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà tó dé lẹ́yìn náà kò tilẹ̀ jẹ́ fara pa mọ́: ohun tí ojú rí nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ ayọ́kẹ́lẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó ṣáájú ìwà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò rìn kẹ́lẹ́ rárá. Òótọ́ ni pé John Boyd Dunlop ti ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ ní Belfast ní ọdún 1888 fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Michelin sì ti fi irú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ nínú eré ìje Paris sí Bordeaux ní ọdún 1895. Ṣùgbọ́n táyà ìgbà yẹn tín-ín-rín, wọ́n sì máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yóò fi le bí igi. Òkúta kékeré ni ọkọ̀ bá gùn, inú eyín èrò ló ti máa gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1923, ìrọ̀rùn dé. Firestone ní Amẹ́ríkà àti Michelin ní Faransé gbé táyà tuntun jáde, èyí tó sanra, tó sì rọ̀, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlàjì ti àtijọ́ lọ. Confort ni Michelin pe tirẹ̀. Wọ́n fún un lórúkọ ìrọ̀rùn, ó sì rọrùn lóòótọ́. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíréèkì sí ẹsẹ̀ iwájú, nítorí pé tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní bíréèkì sí. Táyà rọ̀, bíréèkì mú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ijó tí ẹnikẹ́ni kò lù fún

Bí àrùn náà ti máa ń ṣe nìyí. Ọkọ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Eré á dé ìwọ̀n kan, tàbí kí ẹsẹ̀ kan gun ohun kékeré kan. Lójijì, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì á máa yí sọ́tùn-ún, á máa yí sósì, á yára débi pé ojú kò ní lè bá a lọ. Lọ́tùn-ún á fò sókè, lósì á wálẹ̀. Lósì á fò sókè, lọ́tùn-ún á wálẹ̀. Ìtọ́kọ̀ á máa já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ awakọ̀. Agbára ọwọ́ kò ràn án. Àfi kí awakọ̀ dín eré kù gidigidi, tàbí kí ó dúró pátápátá, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà wò ó, wọ́n rántí ijó kan tó gbòde nígbà náà, tí oníjó fi ń gbọn èjìká rẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn láìgbé ẹsẹ̀. Shimmy ni orúkọ ijó náà. Wọ́n bá sọ àìsàn ọkọ̀ ní shimmy. Ó dà bí ìgbà tí mẹkáníìkì ní Abobo bá yẹ ọkọ̀ yín wò tó sì ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, coupé-décalé ló ń ṣe ọkọ̀ yín." Àwọn Faransé kò tilẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé bó ṣe wà, àwọn onímọ̀ sì ń fi í ṣe àkọlé ìwé. Bí Yorùbá bá pè é, ṣímì ni yóò jáde lẹ́nu wa, mì tó wà nídìí rẹ̀ á sì dún bíi mì tí a fi ń sọ pé nǹkan ń mì. Ìbádọ́gba lásán ni, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ mu.

Ta ló ń fún ijó lóúnjẹ?

Ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, awakọ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ àti irin tó ti jẹ. Dídè é pa dáadáa máa ń ràn án lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ náà ń jó, lójú ọ̀nà tó dán bíi dígí, lọ́wọ́ awakọ̀ tó mọṣẹ́. Ẹ̀bi náà kò wá rí ibi jókòó sí mọ́.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ìbéèrè kan. Bí ẹ bá fi irin lu agogo lẹ́ẹ̀kan, yóò dún, ohùn rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ títí yóò fi kú. Gbogbo ohun tó bá ń gbọ̀n ló yẹ kó máa rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ijó ọkọ̀ yìí kì í rẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. A jẹ́ pé ẹnì kan ń fún un lóúnjẹ. Ẹ wo ọmọ tó jókòó sórí okùn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi, tó ń fì lọ fì bọ̀. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ń tì í díẹ̀díẹ̀ ní àkókò tó yẹ gan-an, títì kékeré náà á gbé ọmọ dókè. Ta ló ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀?

Yorùbá ti ní ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ìṣẹ̀lẹ̀ ọkọ̀ yìí ni ibi tí òwe yẹn ti bá ẹ̀rọ mu jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti kà. Onílù wà, ìsàlẹ̀ ló wà, méjì sì ni.

Georges Broulhiet, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Faransé, tọ́ka sí onílù àkọ́kọ́ nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1925 fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Paris. Ó ní táyà rírọ̀ kì í lọ síbi tí wọ́n bá kọjú rẹ̀ sí gẹ́lẹ́. Bí ohun kan bá ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tẹ̀, yóò sì máa yẹ̀ díẹ̀ bó ti ń yí. Ẹ ronú nípa ọmọ tó wọ sálúbàtà bàbá rẹ̀: ó ti yí ẹsẹ̀, sálúbàtà ò tíì yí. Ìdádúró kékeré tó wà láàárín ẹsẹ̀ àti sálúbàtà yẹn ni ilẹ̀ ń rí gbà. Títì tí ilẹ̀ ń ti táyà á dé lẹ́yìn àkókò, àkókò tó máa fi kún ijó dípò kó pa á. Agbára tó ń fún ijó lóúnjẹ kò ti ibòmíràn wá, inú eré tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sá ló ti ń bọ̀.

Onílù kejì, ẹ lè fi ojú ara yín rí i nílé. Ọmọ Yorùbá tó bá ti ta òkòtó rí mọ̀ pé òkòtó tó ń yí kì í ṣubú bí ẹ bá tì í, ńṣe ló máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ kan, kí bàbá tàbí ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di irin àárín rẹ̀ mú lápá méjì, kí ọmọ fi agbára yí i. Bó ti ń yí, ẹ gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀. Ẹ ó rí i pé kẹ̀kẹ́ náà fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, bíi pé ẹlòmíràn ń dì í mú. Àwọn ọmọ á pariwo, ẹ̀yin náà á ya ẹnu.

Ẹ gbé èyí lọ sí ọkọ̀ àtijọ́. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀. Bí ẹsẹ̀ òsì bá gun òkúta, irin á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń yí bí òkòtó á sì yà lápapọ̀. Yíyà yẹn náà á tún da irin sí ẹ̀gbẹ́ kejì, dídà á tún mú yíyà wá. Ọ̀kan ń lu ìlù fún èkejì. Bíréèkì iwájú ti mú kí òkòtó náà wúwo sí i. Táyà rírọ̀ ti mú kí fífò rẹ̀ rọrùn sí i. Ohun méjì tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ lóore ló wá di ọ̀wọ́ ìlù.

Dimitri Sensaud de Lavaud wà lára àwọn tó fi ìṣirò tú èyí palẹ̀. Brazil ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló sì ti fi ọkọ̀ òfuurufú tó ṣe fúnra rẹ̀ fò ní ọdún 1910. Ní ọdún 1927, ó fi ọ̀rọ̀ ṣímì ránṣẹ́ sí Académie des Sciences ní Paris, kò sì pẹ́ tó fi tún kọ nípa ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ní Jámánì, Becker, Fromm àti Maruhn gbé ìwé jáde ní ọdún 1931 lórí gbígbọ̀n ìtọ́kọ̀; wọ́n ti yí táyà lórí àgbá irin nínú ilé iṣẹ́ kí wọ́n lè wọn bí ó ṣe ń yẹ̀.

Wọ́n gé irin náà

Oògùn kéékèèké pọ̀. Àwọn kan fi ohun tó ń dá gbígbọ̀n dúró sí i, àwọn kan yí ìdúró ẹsẹ̀ padà, àwọn kan ní kí wọ́n fẹ́ táyà le padà. Gbogbo rẹ̀ ń dín ìlù kù, kò lé onílù lọ. Ohun tó lé e ni pé kí wọ́n gé irin gbọọrọ yẹn, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún má ṣe mọ ohun tí ẹsẹ̀ òsì gùn.

Lancia ní Ítálì ti ṣe é sí ọkọ̀ Lambda ní ọdún 1922. Peugeot ṣe é sí ọkọ̀ 201 ní ọdún 1931, tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ní Amẹ́ríkà, Maurice Olley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ fún Rolls-Royce kó tó lọ sí Cadillac, to irin wúwo sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá kan, ó ń sún wọn kiri láti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ara èrò balẹ̀. Ó rí i pé àfi kí sípíríǹgì iwájú rọ̀. Ṣùgbọ́n bí sípíríǹgì bá rọ̀ lórí irin gbọọrọ, ṣímì á dé. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí irin lọ. Ní ọdún 1934, General Motors gbé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dá dúró jáde. Citroën ní Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Traction Avant. Ọdún 1934 yẹn kan náà ni ìjọba amúnisìn kó olú ìlú Côte d'Ivoire láti Bingerville wá sí Abidjan níbí. Pijó 404 àti 504 tí àwọn bàbá wa gùn láti ìlú dé ìlú, ọmọ ìdílé yẹn ni wọ́n: ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ń dá gun òkúta tirẹ̀. Lọ́rì ẹlẹ́rù àti tírélà ló ṣì ń lo irin gbọọrọ níwájú.

Onílù ti òde òní

Nítorí náà, bí ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lónìí bá ń gbọ̀n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe dá a ló fà á mọ́. Onílù mìíràn ló wọlé, ó sì ṣeé lé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ wúwo ju èkejì lọ. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ká ní ìwọ̀n tó sọnù lára ríìmù jẹ́ 50 gráàmù péré, tí ó jìnnà tó 20 sẹ̀ntímítà sí àárín. Bí ọkọ̀ bá ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, àìdọ́gba yẹn á máa fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ bíi ẹrù tó lé díẹ̀ ní kílò 2. Bí eré bá di 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 9, á sì máa fà á bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 14 tàbí 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin.

Ibí yìí ni èsì ọ̀gbẹ́ni tó ń pariwo láti ẹ̀yìn wà. Òótọ́ ni pé bí awakọ̀ bá tẹ iná sí i, gbígbọ̀n lè dín kù, nítorí pé eré ti kọjá ibi tí ìlù àti ijó ti bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n agbára tó ń fa ẹsẹ̀ náà kò dín kù. Ó pọ̀ sí i. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe ìwòsàn. Bó bá sì jẹ́ irin tó ti jẹ ló fà á, ńṣe ni awakọ̀ ń fi kún iṣẹ́ irin tó ti fẹ́ já.

Ọ̀nà wa náà ti ń dára sí i. Láti ọdún 2015 ni ọ̀nà márosẹ̀ tuntun ti gbé wa lọ sí Grand-Bassam, ọ̀nà Yamoussoukro náà tẹ́jú. Ọ̀nà tó dára ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ dé eré tí onílù ń dúró dè. Ọkọ̀ tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ láàárín Adjamé lè jó lọ́nà Bassam.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

Bí ó bá ń gbọ̀n ní eré kan ṣoṣo, tó ń dákẹ́ nísàlẹ̀ àti lókè rẹ̀, àìdọ́gba ìwọ̀n ló sábà máa ń jẹ́. Équilibrage ni wọ́n ń pè é níbí, balansin ni wọ́n ń pè é nílé. Kì í ṣe parallélisme tí wọ́n ń pè ní alamenti. Ìyẹn wà fún ọkọ̀ tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tó ń jẹ táyà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gba owó ọ̀kan fún èkejì.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì nìkan, ẹ wo bíréèkì.

Bí ó bá gun kòtò tí gbígbọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ tí kò tán bọ̀rọ̀, ohun kan ti dẹ̀: nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀, bẹ́ríǹ, tàbí oríkèé irin ìtọ́kọ̀ tí wọ́n ń pè ní rotule. Èyí kò ṣeé gbé rin ìrìn àjò rárá.

Bí táyà bá ti wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ọ̀rọ̀ míì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ di ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin láìbá a jà, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó má tẹ bíréèkì lójijì, kí ó rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì yẹ nọ́ọ̀tì àti táyà wò kó tó tún lọ.

Ọ̀rọ̀ wa kẹ́yìn, ẹ̀yin tí kì í ṣe awakọ̀ ló wà fún. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹ̀yin bàbá tí ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sí màmá àgbà nílé, owó ọkọ̀ tí ẹ san fún yín lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kò nílò ariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá awakọ̀, ẹ bá wa wo ẹsẹ̀ iwájú yìí bí a bá dé ibi tí a ó ti jẹun." Àgbàlagbà kan tó bá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní Aboisso, ó lè gba ẹ̀mí ọkọ̀ odindi là kí wọ́n tó dé Aflao. Bí ẹlòmíràn bá sì ní ọ̀nà ni kò dára, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Paris rí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ọlọ́run á mú yín dé ayọ̀. Ó di ìgbà kan ná.